Ọ̀kadà, Achaba àti Ààlà Ìlú: Bí Òfin Ṣe Ń Sọ Ibi Tí Alùpùpù Lè Dé Lókè Ọya

 

Ọ̀rọ̀ alùpùpù la fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí: ibi tí òfin gbà kéèyàn gùn ún dé, ibi tí kò gbà, àti bí àwọn òfin náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń tilé bọ̀ wá síbí ló jẹ́ ká mú un. Ọmọ tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò kiri Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ dalẹ́ á dé Kánò, á ra máṣíìnì, á gbé èrò kan ṣoṣo, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Á ní, "Kí ni mo ṣe?" Àwọn àgbà ní ìlú tí kò bá sófin, ẹ̀ṣẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ìlú tó lófin tí àlejò ò mọ òfin ọ̀hún ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ ti jókòó de àlejò kó tó dé.

ÀÀLÀ KÌ Í ṢE TUNTUN SÍ WA

Ká tó dórí alùpùpù, ẹ jẹ́ ká rántí pé òfin tó ń sọ fún àlejò pé "ibí ni kó o mọ" ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ọdún 1911 ni ojú irin wọ Kánò. Àwọn bàbá ńlá wa bá rélùwéè wá, oníṣòwò, akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́. Ìjọba òyìnbó ò fẹ́ kí wọ́n máa gbé inú odi ìlú pẹ̀lú àwọn onílé. Wọ́n gé ilẹ̀ fún wọn lẹ́yìn odi, wọ́n sì pè é ní Sabon Gari, ìyẹn ìlú tuntun lédè Hausa. Irú Sabon Gari bẹ́ẹ̀ wà ní Zaria, ó wà ní Kàdúná, ó wà ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn. Títí dòní, ohun tí wọ́n fojú fò dá ní Sabon Gari, wọn ò ní fojú fò ó dá nínú ìlú àtijọ́. Nítorí náà, nígbà tí òfin alùpùpù dé tó ní àdúgbò yìí dáa, àdúgbò yẹn ò dáa, a ti mọ irú ẹ̀ rí.

BÍ MÁṢÍÌNÌ TÍṢÀ ṢE DI ỌKỌ̀ ÈRÒ

Nígbà kan, alùpùpù kì í ṣe ọkọ̀ èrò. Tíṣà ló ń gùn ún, nọ́ọ̀sì ló ń gùn ún, akọ̀wé ìjọba náà ń gùn ún. Honda 50, Vespa, Suzuki 80: ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú wọn, ọ̀gá ni ládùúgbò. Nígbà tí owó Údójì dé ní 1975, tí ìjọba fi kún owó oṣù tí wọ́n sì san èyí tó ti kọjá pa pọ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló fi ra alùpùpù. Òfin rẹ̀ ò pọ̀ nígbà yẹn. Gba láísẹ́ǹsì, lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, má sáré àsápajúdé, ó tán.

Lápá Calabar, láàárín ọdún 1970 sí 1979, wọ́n ti ń fi alùpùpù gbé èrò, alalok ni wọ́n ń pè é. Lókè Ọya, achaba ni Hausa pè é. Àmọ́ ètò SAP tí ìjọba Babangida gbé dé ní 1986 ló sọ ọ́ di iṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Náírà já wálẹ̀, owó ọkọ̀ gòkè, bọ́ọ̀sì bàjẹ́ tí wọn ò rówó ra páàtì, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Tíṣà tó ń gbé máṣíìnì lọ síléèwé láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò nírọ̀lẹ́.

Ìgbà yẹn náà ni orúkọ ọ̀kadà dé. Gabriel Igbinedion ló dá ilé iṣẹ́ báàlù Okada Air sílẹ̀ ní 1983, tó fi orúkọ ìlú ẹ̀ sọ ọ́. Àwọn èèyàn wá fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí kò bá lówó báàlù, kó gun Okada tòun nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ báàlù náà ti kógbá wọlé tipẹ́, orúkọ ẹ̀ ló ṣì ń gbé èrò.

Nígbà tó fi máa di bí ọdún 2000, alùpùpù Ṣáínà bíi Jincheng ti kún ìgboro, owó rẹ̀ ò sì gani lára bíi ti Honda. Ọmọ àgbẹ̀ á wá sí ìgboro nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á gba máṣíìnì lọ́wọ́ olówó, á máa san owó ojúmọ́ títí òjò á fi rọ̀. Nínú ìlú tí bọ́ọ̀sì ìjọba ò tó nǹkan, achaba ni ẹsẹ̀ gbogbo wa. Òun ló ń gbé ìyá aláṣọ láti Sabon Gari lọ sí Kantin Kwari, òun ló ń gbé ọmọ lọ síléèwé, òun náà ló ń gbé aláìsàn lóru. Ohun tó bá wá di ẹsẹ̀ gbogbo ìlú báyìí, bí ìjọba bá sọ̀rọ̀ lé e lórí, gbogbo ilé ló máa kàn.

KÁNÒ, 2005: TA LÓ LÈ JÓKÒÓ SẸ́YÌN?

Òfin tó kọ́kọ́ mi ìlú wa níbí kì í ṣe ti títì, ti ẹni tó jókòó sẹ́yìn ni. Ní 2005, lábẹ́ Gómìnà Ibrahim Shekarau, ìjọba Kánò ní obìnrin ò gbọdọ̀ gun achaba mọ́. Wọ́n ní kò bá ẹ̀sìn mu kí obìnrin máa fara kan ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ ẹ̀ lórí máṣíìnì. Wọ́n kó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá fáwọn obìnrin, wọ́n sì fi orúkọ ètò ìwà rere tí wọ́n ń ṣe nígbà náà pè é: A Daidaita Sahu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kírun mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, "ẹ jẹ́ kí sàfù gún," bí lèmọ́mù ṣe máa ń sọ kírun tó bẹ̀rẹ̀.

Hisbah ni wọ́n ní kó máa mú un ṣẹ. Wọ́n fìjà pẹẹ́ta pẹ̀lú àwọn ọlọ́kadà, nítorí ìdajì èrò ni òfin náà gbà lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kó dé ò sì tó obìnrin ìlú rárá. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2006, ọ̀gá ọlọ́pàá àpapọ̀ kéde pé Hisbah ò bófin àpapọ̀ mu, wọ́n mú àwọn olórí wọn. Díẹ̀díẹ̀, àwọn obìnrin tún padà sórí achaba.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbí. Òfin náà rọ̀, àmọ́ kẹ̀kẹ́ tó bá a dé ò padà sílé. Ẹni tó ń wọ Kẹ̀kẹ́ Napep nílùú mìíràn, tàbí Maruwa l'Ékòó, A Daidaita Sahu ló ń wọ̀ ní Kánò títí dòní. Orúkọ òfin ló kù sílẹ̀ bí orúkọ ọkọ̀.

ÀBÚJÁ, 2006: ÒFIN Ẹ̀ṢỌ́ ÌLÚ

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2006, lábẹ́ mínísítà Nasir El-Rufai, wọ́n lé ọ̀kadà kúrò ní àárín gbùngbùn Àbújá. Ìgbà yẹn ni El-Rufai ń dá ìlú náà padà sí àwòrán tí wọ́n yà fún un ní 1979, tó ń wó ilé tó bá wà níbi tí kò yẹ. Ọ̀kadà wà lára ohun tí wọ́n ní kò bá ìlú náà mu.

Wuse, Garki, Maitama àti Asokoro ò gbà á. Nyanya, Kubwa àti Gwagwalada gbà á. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Wuse ò lè rówó ilé san ní Wuse, Nyanya ló ń sùn. Ọ̀kadà á gbé e láti ilé dé títì ńlá, bọ́ọ̀sì á gbé e wọ̀lú, ẹsẹ̀ ẹ̀ á gbé e dé ibi iṣẹ́. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí Àbújá àwọn ọ̀gá parí sí, kó wo ibi tí ọ̀kadà ti bẹ̀rẹ̀.

AKOTO, 2009

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2009, Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà àti èrò tí kò bá dé akoto káàkiri Nàìjíríà. Ilé wa lọ́hùn-ún ni irú iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀: ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá tiwọn sílẹ̀ ní 1977, àwọn tí wọ́n ń pè ní Májà-májà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́.

Òfin akoto dára, ẹ̀mí ló ń dá sí. Ṣùgbọ́n akoto wọ́n, kò sì tó. Ní Kánò àti láwọn ìlú mìíràn, àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ìkòkò ọ̀dà. Àwọn èrò náà ò fẹ́ dé èyí tí orí ẹlòmíràn ti wọ̀, wọ́n ní wọ́n lè fi oògùn sínú ẹ̀ kéèyàn dàwátì. Gbogbo ayé fi wá rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ní Maiduguri, ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Mohammed Yusuf, àwọn tí ayé wá mọ̀ sí Boko Haram, ń lọ sìnkú lórí alùpùpù, wọn ò dé akoto. Àwọn agbófinró Operation Flush dá wọn dúró. Ọ̀rọ̀ di ìbọn, èèyàn 17 fara gbọgbẹ́. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láti Bauchi dé Maiduguri, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn kú, Yusuf náà kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá. A ò sọ pé akoto ló fa Boko Haram o. Ìbínú ọ̀hún ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ohun tá à ń sọ ni pé bí ìlú bá ti gbóná, òfin ìrìnnà kékeré lè di ẹ̀ṣẹ́ná sínú bẹntiróòlù.

NÍGBÀ TÍ ÌBẸ̀RÙ GBA ÌJỌBA LỌ́WỌ́ ẸWÀ

Láti 2010 lọ, ìdí tí wọ́n fi ń lé alùpùpù yí padà. Kì í ṣe ẹwà ìlú mọ́, kì í ṣe ìwà rere, ààbò ni. Ní Jọ́ọ̀sì, lẹ́yìn ìpakúpa ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, ìjọba Gómìnà Jonah Jang fòfin de achaba ní Jọ́ọ̀sì àti Bukuru. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gùn ún jẹ́ ọ̀dọ́ Hausa, àwọn kan nínú wọn sì gbà pé àwọn gan-an ni òfin náà ń bá wí. Ní oṣù Keje ọdún 2011, lábẹ́ Gómìnà Kashim Shettima, Borno fòfin de gbogbo alùpùpù ní Maiduguri, ti èrò àti ti ara ẹni, nítorí pé orí ẹ̀ ni àwọn apànìyàn ti ń yìnbọn tí wọ́n sì ń sá lọ.

Ti Kánò la mọ̀ jù, nítorí ojú wa ló ṣe. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2013, àwọn agbébọn orí alùpùpù kọ lu ọkọ̀ Emir Ado Bayero. Emir yè é, àwọn tó tẹ̀ lé e kú, àwọn ọmọ ẹ̀ fara pa. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ìjọba Gómìnà Rabiu Kwankwaso kéde pé alùpùpù ò gbọdọ̀ gbé èrò mọ́ nínú ìgboro Kánò. Ilẹ̀ mọ́, ìlú dákẹ́. Àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà bí ẹni ń lọ síbi àjọ̀dún. A Daidaita Sahu tí wọ́n mú wá fún obìnrin ní 2005 wá di ọkọ̀ tọkùnrin tobìnrin, owó tí wọ́n sì ń gbà ga ju ti achaba lọ.

Ṣé ìpànìyàn dáwọ́ dúró? Rárá. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì, kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn òfin, wọ́n yìnbọn pa àwọn obìnrin tó ń fún ọmọdé lóògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní Kánò. Ìròyìn ọjọ́ náà ni pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn kan nínú àwọn apànìyàn náà gbé wá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó kún fún bọ́ǹbù bú gbàmù ní gáréèjì bọ́ọ̀sì New Road ní Sabon Gari, níbi tí àwọn èèyàn wa àti àwọn Igbo ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàdánù èèyàn lọ́jọ́ náà, Olódùmarè á máa tù yín nínú. Àwọn apànìyàn ti yí ọkọ̀ padà. Òfin alùpùpù dúró síbi tó wà.

Èyí lohun tá a fẹ́ kí gbogbo wa mú lọ sílé nínú ìtàn yìí. Òfin tí ìbẹ̀rù bí kì í bá ìbẹ̀rù lọ. Nígbà tí ọkàn ìlú ti balẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wọ Kánò báyìí ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n kọ lu Emir rí, òfin náà ṣì wà láàyè, ó sì ṣì ń gba máṣíìnì lọ́wọ́ àlejò. Ó tún bí ọmọ: kẹ̀kẹ́ tó rọ́pò achaba náà ti bọ́ sábẹ́ òfin. KAROTA ń gbowó lọ́wọ́ wọn, ní oṣù Kìíní ọdún 2022 àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó ọ̀hún, nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún kan náà wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ rìn láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́fà àárọ̀. Ní Kàdúná, nígbà tí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ń parí lọ, ìjọba El-Rufai, tó ti di gómìnà nígbà náà, fòfin de alùpùpù pátápátá fún oṣù mẹ́ta nítorí àwọn ajínigbé. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ tiẹ̀ sọ pé àwọn ń rò ó láti fòfin dè é ní gbogbo Nàìjíríà, àmọ́ kò wáyé.

ÈKÓ NÁÀ ŃKỌ́?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkè Ọya nìkan ló ń ṣe èyí. Nílé wa lọ́hùn-ún, òfin ìrìnnà Èkó tí Gómìnà Fáṣọlá buwọ́ lù ní 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2020, Gómìnà Sanwó-Olú lé ọ̀kadà àti Maruwa kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ó fòfin dè é pátápátá ní mẹ́fà: Eti-Osa, Ikeja, Surulere, Lagos Island, Lagos Mainland àti Apapa. Ní oṣù Kẹsàn-án, ó fi mẹ́rin kún un: Kosofe, Oshodi-Isolo, Somolu àti Mushin. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ńlá fọ́ àwọn máṣíìnì tí wọ́n gbà túútúú ní gbangba.

Ta ló ń gun ọ̀kadà wọ̀nyẹn? Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ òkè Ọya, ọmọ Kánò, ọmọ Jigawa, ọmọ Katsina. Nígbà tí ìlú wọn lé achaba, àwọn kan gbé máṣíìnì wọn sínú tírélà, wọ́n kọrí sí Èkó. Nígbà tí oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ń parí lọ, àwọn agbófinró Èkó dá tírélà kan dúró tó kó ọkùnrin 123 láti Jigawa pẹ̀lú alùpùpù 48. Ariwo ta pé ọmọ ogun ni wọ́n. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọn ò bá ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n wá wá.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ náà ro ara wa wò. Bí wọ́n ṣe wo ọmọ Jigawa nínú tírélà l'Ékòó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń wo ọmọ wa tó gbé máṣíìnì tuntun wọ àdúgbò tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Àwa tá a jẹ́ àlejò níbí kò yẹ ká bá wọn fi ọmọ àlejò ṣẹ̀sín nílé tiwa. Àwọn àgbà ní bí a ṣe rán ni là á ṣe wọ̀: ohun tá a bá gbà kí wọ́n ṣe sí wọn lọ́hùn-ún, òun náà la máa wọ̀ níbí.

KÍ LÓ KÙ KÁ ṢE?

Ẹni tó bá fẹ́ ra alùpùpù nílùú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó béèrè nǹkan mẹ́rin kó tó sanwó. Ìkíní, ṣé gbígbé èrò nìkan ni wọ́n fòfin dè, àbí gígùn ún rárá? Kánò àti Maiduguri ò rí bákan náà lórí èyí. Ìkejì, títì àti àdúgbò wo? Ó lè jẹ́ afárá kan péré ló pín ibi tó dáa níyà sí ibi tí kò dáa. Ìkẹta, àkókò wo? Katsina ṣòfin ní 2021 tó dá alùpùpù dúró lálẹ́, tí ọ̀sán sì dáa. Ìkẹrin, ta ló ń mú òfin náà ṣẹ, ìwé wo ni wọ́n sì máa béèrè? Ẹ má fi ìdáhùn ẹni tó ń ta máṣíìnì mọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀, ẹ béèrè nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú.

Àwọn ẹgbẹ́ wa náà ní iṣẹ́ kan láti ṣe. Nínú gbogbo òfin tá a kà sílẹ̀ yìí, wọ́n ń ṣe é tán ká tó gbọ́. Ìyá aláṣọ tí owó ọkọ̀ ẹ̀ lọ sókè, ọmọ tó pàdánù máṣíìnì tó fi owó èsúsú rà, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Bẹ́ẹ̀, a ní olórí Yorùbá ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìlú ńlá lókè Ọya, àwọn onílé sì ń bọlá fún wọn. Bí wọ́n bá ń bá ìjọba jókòó lórí ọ̀rọ̀ ààbò, kí wọ́n má ṣe gbàgbé láti béèrè ìbéèrè kan: ọjọ́ wo ni òfin yìí máa parí, ta ló sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣiṣẹ́? Ìbéèrè yẹn ò lòdì sí ààbò, àwa náà fẹ́ ká sùn ká jí. Òfin tí kò bá ti ní ọjọ́ ìparí, àwọn ọmọ ọmọ wa ló máa san gbèsè ẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà ní Gusau, Sokoto, Yola àti Bauchi, ẹ bá wa fi ti ìlú yín kún un, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lè rí i kà. Olódùmarè á máa ṣọ́ wa lójú títì, a ò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Àṣẹ.